Mo Fẹnu Fún Ọmọ Mi Lóyún

Ọmọ mi sanra. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó máa fọgbọ́n bi mí. Kàfáyàtù tí mo bí, tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ nígbà tó jáde yunifásítì, ó sanra débi pé tó bá wọ elevator ilé wa ní àdúgbò Jane and Finch, àwọn ará ilé á máa sún mọ́ ògiri fún un. Ẹni tó bá ní kí n má sọ̀rọ̀ ọmọ mi báyẹn, kó lọ bí tiẹ̀.

Morufat lorúkọ mi, Àlhájà ni wọ́n ń pè mí ní mọ́sáláṣí. Èmi àti bàbá Kàfáyà dé Toronto nígbà tí àwọn ṣọ́jà ṣì ń ṣèjọba ní Nàìjíríà, ọmọ náà ò tíì lè rìn. Bàbá ẹ̀ ti kú, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ó ku èmi àti ẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún méjìlélógún. Mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń wọṣọ fún wọn, mo sì ń dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi gbé oògùn wọn mì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wá máa kọ́ mi ní ohun tí oògùn jẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà òtútù, oorun dá lójú Kàfáyà. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni kò fi sùn. Ó ní ohùn obìnrin tó ń dárúkọ stéṣọ̀n nínú subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ń dárúkọ òun náà, pé ó ń rán òun níṣẹ́. Mo ní kó lọ ṣe àlùwàlá kó kírun, kó yéé da ara ẹ̀ láàmú. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ní ọ̀sán gangan, àwọn ọlọ́pàá pè mí. Ó ti bọ́ híjáàbù, ó ti bọ́ bàtà, ó ń rìn kiri níwájú Finch Station nínú yìnyín, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá kú àbọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò ní ọsibítù. Mo sọ fún àwọn ará mọ́sáláṣí pé ó lọ kí ìyá mi ní Ìṣẹ́yìn. Nígbà tó jáde, mo ra èlùbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò jìnnà sí wa, mo dì í sínú ọ̀rá kéékèèké, mo pín in kiri pé Kàfáyà ló kó o bọ̀ láti ilé. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ní kò sí ohun tó dà bí èlùbọ́ ilé. Ẹ̀tàn ni? Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀tàn ni. Ẹ fi ìyá tó máa jáde sọ pé wèrè ni ọmọ òun hàn mí.

Hóró oògùn kékeré kan ni dókítà ní kó máa lò lójoojúmọ́. Kí n má parọ́, oògùn náà ṣiṣẹ́. Ó sùn. Ohùn inú subway dákẹ́. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ ní ọ́fíìsì dókítà eléyín, níbi tó ti ń gba àwọn aláìsàn sílẹ̀. Ara ẹ̀ kọ́kọ́ yọ díẹ̀, inú mi tiẹ̀ dùn, mo ní, "Máṣáállàh, ara ẹ ti ń bọ̀ sípò." Àwọn ìyá mọ́sáláṣí ní ìyá àgbà Ìṣẹ́yìn mà tọ́jú ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ara náà ò mọ ibi tó máa dúró sí. Kó tó pé ọdún kan, ó ti fi kílò mẹ́tàlélógún kún tàtẹ̀yìnwá. Ọrùn lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé, ikùn yọ síwájú.

Èmi kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹran inú ìkòkò. Mo gbé búrẹ́dì pamọ́ sí yàrá mi. Tó bá bu ìrẹsì, màá ní, "Ìwọ àti ta ni?" Lọ́jọ́ kan mo bá a ní kíṣìn, ó ń jẹ ẹ̀bà àná ní tútù lórí ìdúró, kò tiẹ̀ wá àga.

"Kàfáyà, ṣé oògùn ló ń ti ọwọ́ ẹ bọ inú abọ́ ni?"

"Yes, Mom," ló dá mi lóhùn, omi lójú ẹ̀. "That's exactly what it does."

Tí mo bá sọ Yorùbá sí i, òyìnbó ló máa fi dá mi lóhùn, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti kékeré. Ó ní ebi yẹn kì í ṣe irú ebi tí èmi mọ̀, pé tí òun bá jẹun tán, á dà bí ẹni pé òun ò tíì jẹun rí láyé òun. Ó ní dókítà ti sọ fún òun tẹ́lẹ̀ pé oògùn náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn sì jọ ń wá nǹkan ṣe sí i, díẹ̀díẹ̀ ni. Mo ní tó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ lòun náà ń sanra ni, kò bá má burú. Ó fọ abọ́, ó wọ yàrá ẹ̀ lọ.

Bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe é, nínú ara yìí náà ni ọkọ ti dé. Rilwan, ọmọ Àlhájà Shukurat, ará Springdale ní Brampton, oníṣẹ́ iná. Ọmọ jẹ́jẹ́ tó ń kírun, tó máa ń wolẹ̀ tó bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó rí Kàfáyà ní kíláàsì kéwú ọjọ́ Sunday, ó ní òun fẹ́ ẹ. Mo bi í pé kí ló rí. Mo bi í tọkàntọkàn, torí ó yà mí lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni."

Kí n tó gbà fún wọn, mo fa Kàfáyà wọ yàrá, mo tilẹ̀kùn. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ọsibítù yẹn, ọmọ yìí ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ìyá ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Tó o bá ti wọlé ọkọ, tó o bá ti bí méjì fún un, ìgbà yẹn lo lè wá sọ ọ́." Kò dá mi lóhùn, ó kàn ń wò mí. Mo gbà pé ó ti gbọ́.

Àlhájà Shukurat náà wá ṣe ìwádìí bó ṣe yẹ kí ìyá ọkọ ṣe. Ẹgbẹ́ mi ni, mo tiẹ̀ fi oṣù díẹ̀ jù ú lọ. Ó jókòó ní pálọ̀ mi, ó mu sóbò mi, ó ní, "Àlhájà, ẹ má bínú o, ẹ mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ bèèrè. Ṣé kò sí àrùn kankan nínú ìdílé yín? Wárápá, ẹ̀tẹ̀, wèrè?"

"Áúsùbílàhi!" ni mo wí. "Ká má rí i." Mo tiẹ̀ fọwọ́ kan Kùránì tó wà lórí tábìlì. Ọlọ́run rí mi pé mi ò gbé e, mo kàn fọwọ́ kàn án ni.

A mú ọjọ́ yìgì sí Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹsàn-án. Nígbà tó di oṣù kẹfà, oorun tún fẹ́ máa dá lójú Kàfáyà. Dókítà fi kún oògùn, ara náà sì fi kún. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi oògùn yẹn sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta péré, kó lè wọ aṣọ yìgì ẹ̀ bí ọmọ èèyàn, kó padà sídìí ẹ̀ tí wọ́n bá ti so yìgì tán. Ó ní, "Mom, I'd rather be fat than be back there." Mo ní ó tẹ́ òun lọ́rùn, kò tẹ́ èmi lọ́rùn. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń gbé oògùn ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, kò fi í sílé mọ́, bí ẹni pé èmi á jí i jù nù. Ká sòótọ́, mi ò bá jù ú nù.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Àlhájà Shukurat gbé aṣọ yìgì wá. Àbúrò ẹ̀ ní Abẹ́òkúta ló rán an, léèsì funfun tó ní ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, inú Ramadan ni wọ́n sì ti gba ìwọ̀n tí wọ́n fi rán an. Kàfáyà wọ̀ ọ́ ní yàrá, ó jáde sí pálọ̀, ó fọwọ́ di ẹ̀yìn ẹ̀ mú. Síìpù ò kọjá ìbàdí. Àlhájà Shukurat dìde, ó fà á, ó tún un fà, ó mí kanlẹ̀. Ó wá rọra gbé ọwọ́ lé ikùn ọmọ mi, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń wò bóyá iṣu ti jinná. Kàfáyà fa ikùn sínú. Ó ní òun ń bọ̀, ó sá padà wọ yàrá.

Àlhájà Shukurat tẹ̀lé mi dé kíṣìn, ó tilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀.

"Àlhájà, èmi náà bímọ. Ẹ má tijú mi. Oṣù mélòó ni?"

Ẹ bá mi rò ó. Tí mo bá ní kò lóyún, á ní kí wá ni. Èèyàn kì í ṣàdédé yọ ikùn báyẹn láti Ramadan sí oṣù kẹsàn-án. Á ní ká lọ rí dókítà, dókítà á dárúkọ oògùn, oògùn á dárúkọ àìsàn, bẹ́ẹ̀ mo ti fọwọ́ kan Kùránì níwájú ẹ̀. Oyún wá ńkọ́? Ìtìjú oyún kì í ju oṣù mẹ́sàn-án lọ. Oyún á di ọmọ, wọ́n á sọ ọmọ lórúkọ, gbogbo ayé á jẹ ẹran, wọ́n á gbàgbé. Ti wèrè, títí dórí ọmọ ọmọ ẹ̀ ni wọ́n á máa sọ ọ́. Mo sì ti rò ó lọ́kàn mi pé àwọn ọmọ méjèèjì á ti máa ṣe é ní kọ̀rọ̀. Èwo nínú àwọn ọmọ òde òní ni kì í ṣe é? Tí yìgì bá ti so tán, a ó ní oyún ti bàjẹ́. Ta ló máa bi wá?

"Oṣù mẹ́ta," ni mo sọ.

Àlhájà Shukurat káwọ́ lérí. Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín. "Rilwan! Rilwan yìí náà, tó ń wolẹ̀ bí ọmọ ilé kéwú!" Ó dì mọ́ mi. Ó ní ìtìjú ni o, ẹ̀ṣẹ̀ ni o, ṣùgbọ́n ó kúkú ti hàn pé ìyàwó òun kì í ṣe àgàn. Ó gbé aṣọ náà dání pé òun máa wá ẹni tó máa bá àwọn tú ìhà ẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ, mo jókòó sí kíṣìn, mo rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún méjì tí ọkàn mi ti balẹ̀ báyẹn gbẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì, Kàfáyà wọlé láti ibi iṣẹ́, kò bọ́ bàtà.

"Mọ́mì, kí lẹ sọ fún Àlhájà?"

Yorùbá ló fi bi mí. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Mo ní kó jókòó, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un, mo ní kó ṣáà máa gbà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi so yìgì. Mo ní, "Lẹ́yìn náà a ó ní ó bàjẹ́. Oyún ń bàjẹ́ lára èèyàn lójoojúmọ́, kò sí ohun tuntun níbẹ̀."

"Rilwan ò tíì fọwọ́ kàn mí rí." Jẹ́jẹ́ ló ń sọ ọ́. "Tó bá gbé mi sínú mọ́tò, àbúrò ẹ̀ obìnrin máa ń wà lẹ́yìn. Kò tíì di ọwọ́ mi mú rí, Mọ́mì. Ó pè mí níbi iṣẹ́, ó ń sunkún. Ó bi mí pé ta ló ni ín."

Mo ní, "Sọ fún un pé irọ́ ni."

"Mo sọ fún un. Ó ní ìyá mi ló sọ ọ́. Ó ní ìyá wo ló máa parọ́ oyún mọ́ ọmọ ẹ̀?"

"Kí n wá sọ fún wọn pé oògùn wèrè lò ń lò?"

"He knows, Mom!" Ó pariwo báyìí. "Ó mọ̀! Ìgbà kejì tá a ríra ni mo ti sọ fún un. Òun àti àbúrò ẹ̀ ló máa ń gbé mi lọ gba oògùn. Ó ní tó bá jẹ́ pé ara tó sanra ni ìlera fi ń dúró, kí n máa sanra lọ."

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, àmọ́ kì í ṣe àánú ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Inú ló bí mi. Ọdún méjì ni mo fi ń bo ọmọ yìí láṣìírí, tí mò ń parọ́ ọ̀tún, tí mò ń parọ́ òsì, ó wá lọ tú ara ẹ̀ fó fún ọmọkùnrin tí kò tíì mọ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

"Ta ló rán ẹ?" ni mo fi bò ó. "Ta ló ní kó o sọ fún un?"

Kò bá mi jà. Ó kúnlẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ara yẹn, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó di ẹsẹ̀ mi mú. Ó ní gbólóhùn kan péré lòun ń tọrọ, kí n sọ fún wọn pé mo parọ́. Ó ní Rilwan á gbà, yìgì á so, òun ò sì ní sọ ọ́ sí mi láyé òun. Mo ní kó dìde, mo ti gbọ́, màá sọ ọ́. Mo sì fẹ́ sọ ọ́ lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ààfáà mọ́sáláṣí wa, wọ́n sì fi wá sí ọjọ́ Sunday ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìrun ayìlá, nínú ọ́fíìsì wọn. A ò pọ̀ níbẹ̀: Ààfáà, Àlhájà Shukurat, Rilwan, èmi àti Kàfáyà. Rilwan ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Kàfáyà ti lọ ṣe àyẹ̀wò, ó gbé ìwé ẹ̀ lé tábìlì. Ààfáà kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Kò sí oyún nínú ìwé tí mo rí yìí," ni wọ́n wí.

"Kò sí i mọ́ ni kí ẹ wí," Àlhájà Shukurat ló dá wọn lóhùn. "Ààfáà, ìyá ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ka oṣù ẹ̀ fún mi, mẹ́ta. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Ní Toronto yìí, ṣé ó gbà ju ìdajì ọjọ́ lọ láti yọ ọ́? Kì í ṣe ti ọmọ mi, wọ́n rí i pé àṣírí fẹ́ tú, wọ́n sì ti yọ ọ́ dànù."

Kàfáyà yíjú sí mi. "Mọ́mì, ẹ sọ fún wọn."

Ààfáà bọ́ gíláàsì ojú wọn. "Àlhájà Morufat, ṣé ẹ sọ pé ó lóyún?"

Mo ti múra gbólóhùn yẹn sílẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi nínú bọ́ọ̀sì láti ilé wá. Ṣùgbọ́n mo wo ẹnu Àlhájà Shukurat, bó ṣe yọ ọ́ sí mi, mo sì mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àwọn ìyá Àsàlátù tí èmi ń ṣe olórí wọn á ti gbọ́ pé Morufat parọ́ oyún mọ́ ọmọ ẹ̀, pé ó fọwọ́ kan Kùránì lórí irọ́. Ojú tì mí kó tó ṣẹlẹ̀. Ẹnu mi là, ohun tó sì jáde kì í ṣe ohun tí mo múra ẹ̀ sílẹ̀.

"Mo sọ ọ́," ni mo wí. "Ohun tí òun fúnra ẹ̀ sọ fún mi ni mo sọ. Ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Orí ọmọ yìí ni kò pé. Ó ti sùn sí ọsibítù wèrè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀, á ní ó ṣẹlẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun lóyún, mo sì gbà á gbọ́, ìyá ni mí."

Àlhájà Shukurat sún àga ẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi. "Wèrè?" ló wí. "Láàílàá."

Kàfáyà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Yorùbá ló sì fi sọ gbogbo ẹ̀. Ó dárúkọ àìsàn ẹ̀, ó dárúkọ oògùn ẹ̀. Ó sọ bí ebi ṣe ń pa òun, bí dókítà ṣe fi kún un ní oṣù kẹfà, bí aṣọ ò ṣe wọlé, ohun tí mo sọ ní kíṣìn àti ìdí tí mo fi sọ ọ́. Kò pariwo, kò sunkún, kò fi ọ̀kan ṣáájú èkejì. Ààfáà ń mi orí sí i jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń mi orí sí arúgbó tó ní ọkọ òun tó ti kú ń bọ̀ wá gbé òun. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, yàtọ̀ sí òun fúnra ẹ̀, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá yẹn.

Rilwan gbójú sókè. Àánú wà lójú ẹ̀, èyí tó burú jù nìyẹn.

"Kàfáyà," ló wí, "ṣé o ṣì ń lo oògùn ẹ?"

Ọmọ mi dìde, ó na ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n lè rí i dáadáa: ẹ̀rẹ̀kẹ́, apá, ikùn, gbogbo ẹ̀.

"Wò mí," ló wí. "Wo ara mi, Rilwan. Ṣé mo jọ ẹni tó ti fi í sílẹ̀?"

Ìyá Rilwan di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú, ó fà á dìde, wọ́n jọ jáde. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, ó sì tẹ̀lé ìyá ẹ̀ lọ.

Ààfáà gbé ọwọ́ wọn sókè. Wọ́n bẹ Ọlọ́run kó fún Kàfáyàtù ní àlàáfíà, kó dá orí ẹ̀ padà sípò, kó fún ìyá ẹ̀ ní sùúrù, torí Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí ìyá náà ti ń fojú rí. Kàfáyà ò gbé ọwọ́ tiẹ̀. Ó jókòó, èmi ló ń wò. Mo gbé tèmi sókè, mo ṣe àmín, mo sì ṣe é ní ohùn òkè, kí Àlhájà Shukurat lè gbọ́ ọ níta.